Abo Ni Baálé

Ìwé kan wà nínú férémù lára ògiri pálọ̀ mi. Ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà gan-an, kí ẹni tó bá wọlé má lè sọ pé òun kò rí i. Àwòrán ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè àwọn ọmọ mi obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ní kí wọ́n sún fún un díẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò ẹyẹ ni: odídẹrẹ́ kan ṣoṣo, eérú lára, pupa nírù. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó mi. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń dúró dè é, n kò sì ní purọ́ pé mo fi sùúrù dúró.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Ọkọ ló gbé mi wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó, sínú agbolé àwọn mùsùlùmí tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó la títì tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Nígbà tí mo dé, mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko jáde ní yunifásítì, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bàọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìyẹn. Ikùn mi ni wọ́n ń wò.

Àbúrò ọkọ mi fi ọdún mẹ́ta kéré sí mi. Ó ń múra ìdánwò lọ́wọ́ lọ́dún tí mo wọlé, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì lórí tábìlì tí a fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sílé kí n tó dé, nítorí náà ọkọ mi ni. Èmi ń sọ pé “ẹ” fún un, òun ń sọ pé “ìwọ” fún mi. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tọ̀nà, màá ní, “Ẹ tún un ṣe, ọkọ mi.” Bó ti rí nìyẹn fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Wọ́n ní àṣà ni. Mo mọ̀ pé àṣà ni. Ó dùn mí síbẹ̀.

Mo bí obìnrin, mo tún bí obìnrin, mo tún bí obìnrin. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, obìnrin ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi gbé odídẹrẹ́ kan fún un nínú àgò onírin, kékeré ni ẹyẹ náà, ojú rẹ̀ ṣì dúdú. Ọkọ mi gbé e kọ́ sí fàràǹdá, ó sì fi àwàdà sọ ọ́ ní Baálé, nítorí pé ó ń wo gbogbo wa láti òkè bí ẹni pé àwa la wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àbúrò ọkọ mi wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wo ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó gbójú sókè wo àgò. Ó wá sọ ọ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́: “Bọ̀ọ̀dá, ọkùnrin kan ṣoṣo tó dé ilé yín lọ́sẹ̀ yìí, inú àgò ló wà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti imú kó tó dé ẹnu. Mo gbé ọmọ mi wọ yàrá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbà pé akọ ni ẹyẹ náà. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

N kò sì lè dá wọn lẹ́bi tán lórí ìyẹn. Akọ odídẹrẹ́ àti abo rẹ̀, bákan náà ni wọ́n rí lójú. Èdè tiwa náà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. A ní ó jẹun, ó mu omi, ó bú ìyá olóúnjẹ. “Ó” yìí kì í sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Èèyàn lè fi ogójì ọdún sọ̀rọ̀ ẹyẹ kan lédè Yorùbá láì jẹ́ pé ó dá a lójú ohun tó jẹ́. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ bàọ́lọ́jì, mo mọ̀ pé wọn kò mọ̀, mo sì mọ̀ pé èmi náà kò mọ̀.

Ohun kan wà tí mo mọ̀ ṣá o. Ọdọọdún ni mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: lára èèyàn, bàbá ló ń pinnu bóyá ọmọ máa jẹ́ akọ tàbí abo. Màá wá pa pátákó rẹ́, màá fẹsẹ̀ rìn gba Tinúbú wá sílé, wọn a sì tún bi mí léèrè ìgbà tí mo máa bí ọkùnrin fún wọn. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́ mi dáadáa, ọ̀mọ̀wé ni. Ó wá ní, “Má sọ ọ́ fún ìyá mi.” Mi ò sọ ọ́. Lára ohun tí mo ń bínú sí nìyẹn títí dòní.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi ti ìbínú pa ohun tó dára rẹ́. Báńkì kan ní Tinúbú ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, kó tó gun àtẹ̀gùn tán, á ti máa pè mí láti ìsàlẹ̀: “Ìyàwó, ṣé o ti jẹun?” Kò sí ọjọ́ tí kò sọ ọ́, títí kan ọjọ́ tí a bá ti jà láàárọ̀. Ẹyẹ gbọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n pẹ̀lú èémí tó máa ń gé díẹ̀ nítorí àtẹ̀gùn. Bí mo bá wà nílé ìdáná, n kò mọ èwo ni ọkọ mi, èwo ni ẹyẹ.

Ọdún kọkànlá rèé tí ọkọ mi ti kú. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ìyá rẹ̀, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, jókòó sí àgbàlá, ó pín ohun ọ̀sìn ọmọ rẹ̀. Ó ní ohun tó bá jẹ́ akọ, ti àbúrò rẹ̀ ni. Ohun tó bá jẹ́ abo, ti ìyàwó ni. Àgbò méjì àti àkùkọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi. Wọ́n fún mi ní àgùntàn kan àti adìyẹ márùn-ún tí n kò béèrè. Ó wá ku ẹyẹ. Ìyá náà béèrè pé akọ ni àbí abo.

“Akọ ni,” àbúrò ọkọ mi dáhùn. “Ṣé ẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀ ni? Ohùn ọkùnrin ni.”

Mo ní ohùn ọkọ mi ló ń sín jẹ, ìyẹn kò sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́. Ó ní, “Tíṣà, a ò sí ní kíláàsì.” Ó gbé àgò kọjá àgbàlá lọ sí fàràǹdá tirẹ̀. Ó gbé ohùn ọkọ mi lọ, ó sì fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú adìyẹ.

Ogún ẹsẹ̀ bàtà kò sí láàárín fàràǹdá wa. Láàárọ̀ màá gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí: “Ìyàwó, ṣé o ti jẹun?” Bí mo bá dìde tí mo sún mọ́ ọn, àbúrò ọkọ mi á da aṣọ bo àgò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi, àní fún oṣù ààwẹ̀ nìkan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá mi lóhùn pé ọ̀rọ̀ ìyá àwọn ni, akọ kì í gbé lọ́dọ̀ opó. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta n kò kúnlẹ̀ mọ́. Mo pinnu pé ọ̀rọ̀ tó fi gbà á lọ náà ni màá fi gbà á padà.

Ojúkòkòrò rẹ̀ ló ràn mí lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan sọ fún un pé èèyàn ń wá ọmọ odídẹrẹ́ kiri. Ó lọ wá ìyàwó fún Baálé. Mi ò bi í ibi tó ti rí ẹyẹ kejì, nítorí òfin kò fara mọ́ irú òwò bẹ́ẹ̀, kò sì sọ fún mi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹyin dé. Ó pín ṣúgà fún àwọn ọmọ agbolé. Ẹyin náà kò pa. Lọ́dún kejì, ẹyin tún dé, kò tún pa.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń ṣe ìpàdé ẹbí ní àgbàlá. Òun ni olórí ẹbí báyìí. Níbi ìpàdé kan lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò, ó tẹ́nu bọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Ó ní ìyàwó tí òun fẹ́ fún Baálé, àgàn ni. Ó ní ẹyin méje ló yé lọ́dún yìí, tí òfìfo ni gbogbo rẹ̀. Ó ní òun máa lé e, òun á fẹ́ òmíràn.

Mo gbọ́ “àgàn,” ara mi gbóná. Ṣùgbọ́n “méje” ni mo gbá mú. Odídẹrẹ́ kan kì í yé ẹyin méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mẹ́ta, mẹ́rin, ó pọ̀ jù kó jẹ́ márùn-ún. Mo rọra bi í pé ta ló ń sàba. Ó ní àwọn méjèèjì ni, ó ní Baálé fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ débi pé ó ń bá a jókòó lé ẹyin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Lára odídẹrẹ́, abo nìkan ló ń sàba. Mo gbé ojú sílẹ̀ kí wọ́n má baà rí ohun tó wà níbẹ̀.

Mo ní, “Ọkọ mi, kí ẹ tó lé ìyàwó, ẹ jẹ́ ká yẹ ọkọ wò. Ẹ jẹ́ ká ṣe DNA.”

Ní Èkó òde òní, ẹni tó bá dárúkọ DNA nínú ìpàdé ẹbí, ọmọ àlè kan ló fẹ́ tú síta. Mo rí ọkùnrin mẹ́ta tó yí ojú wo ọmọ tiwọn. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tó ń pín omi inú ọ̀rá, dúró gbagidi pẹ̀lú ọwọ́ nínú abọ́.

Àbúrò ọkọ mi ní, “DNA ta ni?” Ohùn rẹ̀ ti kéré.

Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó jẹ mí ní gbèsè ìgbà díẹ̀ yẹn.

“Ti ẹyẹ ni,” mo ní.

Ẹ̀rín tó bú jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé tó kù. Ìyàwó rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù, ó ń fi ìborùn nu ojú, ó ní, “Ìyálé mi, ẹ fẹ́ẹ̀ pa mí.” Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú tì í pé ẹ̀rù ti bà á, ìyẹn ló sì mú un búra. Ó ní bó bá jẹ́ abo, kí n wá gbé e, ọ̀rọ̀ ìyá àwọn kò ní yẹ̀. Òun fi Ọlọ́run búra. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń ṣe lọ́yà ní Igbosere ló ń kọ ìwé ìpàdé wa. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ó kọ ọ́.

Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, dókítà ẹran ló dà. Òun ló ṣàlàyé fún wọn pé ìyẹ́ àyà mélòó kan ló máa lọ sí ilé àyẹ̀wò. Àbúrò ọkọ mi ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ẹyẹ òun, ó ní òun á mú ìyẹ́ náà fúnra òun, lọ́yà ló sì gbọ́dọ̀ lẹ àpò ìwé rẹ̀ pa. A gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdáhùn dé pé wọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni ti fi àlùmọ́gàjí gé ìyẹ́ náà.

Inú rẹ̀ dùn. Ó jókòó sẹ́nu géètì, ó ń sọ fún ẹni tó ń kọjá pé ẹ̀rọ òyìnbó wò ó títí, kò rí obìnrin kankan lára Baálé. Mo jẹ́ kó gbádùn rẹ̀.

Níbi ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ. “Ẹ má bínú, Bàbá. Ìdí ìyẹ́ la nílò, ibi tó ti wọ inú ẹran ara. Ibẹ̀ ni ohun tí ẹyẹ jogún wà. Ṣóńṣó orí rẹ̀ tí ẹ gé, bí èékánná ni, kò mọ nǹkan kan.” Àwọn àgbà ní ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe, ó ṣe tán, ó ti búra. Ó gbà tipátipá. Ọmọ mi fi aṣọ ìnura ká ẹyẹ mọ́ra, ó fa ìyẹ́ márùn-ún láyà rẹ̀ tìdítìdí. Ẹyẹ bú u ní ohùn bàbá rẹ̀. Lọ́yà lẹ àpò ìwé pa, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi í ránṣẹ́ láti CMS lọ́jọ́ kejì.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rò ó lórí ibùsùn. Nínú ohun àjogúnbá tó ń sọ ẹyẹ di akọ tàbí abo, akọ ní oríṣi kan ṣoṣo ní ìlọ́po méjì. Abo ní oríṣi méjì tó yàtọ̀ síra. Wọ́n á yọ ọ́ láti inú ìdí ìyẹ́, wọ́n á mú un pọ̀ sí i títí yóò fi tó ohun tí ojú lè rí, wọ́n á jẹ́ kó sáré nínú ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ akọ, ìlà kan ló máa yọ. Bó bá jẹ́ abo, ìlà méjì. Mo ń gbàdúrà fún ìlà méjì bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń gbàdúrà fún ìbejì.

Lọ́jọ́ tí ìdáhùn dé, lọ́yà pe gbogbo wa sí àgbàlá. Àbúrò ọkọ mi ní ẹnì kankan kò ní ka nǹkan ilé òun kí òun tó kà á. Ó gba ìwé náà, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó dì í mú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Male,” ó ní. “Mo sọ fún yín. M-A-L-E. Ó hàn gbangba.”

Mo sún mọ́ ọn, mo wo ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo àtàǹpàkò rẹ̀.

“Ọkọ mi,” mo ní, “ẹ gbé àtàǹpàkò yín kúrò.”

Kò gbé e. Lọ́yà ló rọra gba ìwé náà, ó sì kà á sókè: FEMALE. Ìlà méjì wà lábẹ́ rẹ̀, ó dúdú, ó ṣe kedere. Èmi ni mo kọ́ ọkùnrin yìí ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti sọ fún un nígbà náà pé kó máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Haà, obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi ni Baálé,” ni gbogbo ilé bá tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Mo dúró kí wọ́n rín in tán. Mo ti fi ogójì ọdún kọ ohun tí mo fẹ́ sọ, n kò fẹ́ kí ìkankan bọ́ sínú ariwo.

Mo ní, “Lára ẹyẹ, ìyá ló ń pinnu bóyá ọmọ máa jẹ́ akọ tàbí abo. Bó bá jẹ́ ẹyẹ ni mí, òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ sí mi nínú ilé yìí ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn ni mí. Lára èèyàn, obìnrin ní oríṣi kan ṣoṣo tó lè fi sílẹ̀. Ọkùnrin ló ní méjì, èyí tó bá fi sílẹ̀ ni ọmọ máa jẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín ló pinnu obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkọ mi. Èmi kàn bá a gbé wọn ni.”

Àwọn ọmọbìnrin agbolé tó wà lórí àtẹ̀gùn pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní wọ́n ti kọ́ àwọn náà bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Àbúrò ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Ó yọ awò ojú, ó fi etí agbádá nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó dìde lọ sí fàràǹdá rẹ̀, ó yọ ẹyẹ kejì kúrò nínú àgò, ó sọ àgò náà kalẹ̀, ó sì gbé e wá síwájú mi.

“Ẹ máa gbé e lọ,” ó ní.

Ẹ. Mo gbọ́ ọ, lọ́yà gbọ́ ọ, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ. Bóyá ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, n kò mọ̀. Mo ní kí lọ́yà kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ gbé ẹyẹ kejì kọjá àgbàlá wá bá mi. Ó ní igbe rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn gbádùn láti ìgbà tí Baálé ti lọ. Ó ní, “Ìyálé mi, ẹ gba èyí tí wọ́n ń pè ní àgàn.” Mo gbà á. Inú àgò kan náà ni wọ́n wà báyìí, ìyàwó ilé méjì tí kò rí ọkọ, tí wọ́n sì ń jẹ ọ̀pọ̀tọ́ àti ẹ̀pà lọ́wọ́ mi.

N kò yí orúkọ Baálé padà. Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì dákẹ́, mo sì ń bẹ̀rù pé ó ti gbàgbé. Àwọn àgbà ní odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń bó ẹ̀pà fún wọn, mo gbọ́ èémí tó gé díẹ̀ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn.

“Ìyàwó, ṣé o ti jẹun?”

Mo ní mo ti jẹun. Mo gbé ẹ̀pà sílẹ̀, mo sì jókòó. Ó tún sọ ọ́, mo tún dáhùn. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn gan-an, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti imú kó tó dé ẹnu. N kò mọ̀ pé ó ti pa á mọ́ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ wá.

Lọ́tẹ̀ yìí n kò wọ yàrá. Mo gbójú sókè wò ó nínú àgò.

“Rín in dáadáa,” mo ní. “Abo ni ọ́.”